Òkun àti igbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo: báwo la ṣe máa ṣètò rẹ̀ ká lè rí ẹranko dáadáa?

Arìnrìn-àjò

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ kan péré la ní, ohun tí a sì fẹ́ fi ṣe pọ̀. A fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ wo àbùùbùtán àti dọ́lífíìnì, a tún fẹ́ wọgbó lọ wo ọ̀bọ àti ẹyẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá mi tó ti dàgbà ń bá wa lọ, ọmọ kékeré méjì náà sì wà láàárín wa. Mi ò dárúkọ ibi tí à ń lọ, torí mo fẹ́ kí ìdáhùn yín wúlò fún ẹni yòówù tó bá ń gbèrò irú ìrìn báyìí, níbi yòówù kó jẹ́.

Gbogbo ètò tí àwọn tó ń múni rìnrìn àjò afẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi ló kó ibi márùn-ún, mẹ́fà pọ̀ sínú ọjọ́ kan. Tí mo bá yọ wákàtí tí a máa lò nínú mọ́tò kúrò, mi ò rí ìgbà tí a máa ráyè fojú kan ẹranko. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló yẹ kó ṣáájú, òkun ni àbí igbó? Kí sì ni mo gbọ́dọ̀ bi wọ́n kí n tó sanwó?

Etí Òkun

Ibì kan lórí omi, ibì kan nínú igbó, ó tán. Ẹ yọ ìyókù kúrò. Ẹranko kì í bá èèyàn ṣe àdéhùn. Ẹni tó bá lè dúró pẹ́ lójú kan ló máa ń rí wọn.

Ní tèmi, òkun ló yẹ kó ṣáájú. Bí oòrùn bá ti ń ràn, ilẹ̀ máa ń yára gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gòkè, ti orí omi á fẹ́ wọlé wá gba àyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbì fi sábà máa ń le sí i lẹ́yìn ọ̀sán. Láàárọ̀ tí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ máa rí ẹ̀yìn dọ́lífíìnì láti òkèèrè, ẹ máa rí ibi tí àbùùbùtán ti mí sókè tí omi sì rú bí èéfín. Tí ìgbì bá ti ń fọ́ funfun káàkiri, kò sí bí ojú ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ẹranko nínú wọn.

Kẹ́ ẹ tó wo omi, ẹ kọ́kọ́ wo òfuurufú. Tí ẹyẹ òkun bá ń já ṣòòrò bọ́ sínú omi léraléra lójú kan, ẹja ti kóra jọ síbẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ dọ́lífíìnì ló ń lé wọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ ò ní já wọ àárín wọn. Á dín ẹ́ńjìnnì kù, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dúró.

Ẹ má ṣe gba ìrìn ojú omi tí kò tó wákàtí méjì ààbọ̀. Àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní humpback kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 lọ lábẹ́ omi, àmọ́ ti sperm whale yàtọ̀: tó bá ti gbé ìrù rẹ̀ sókè tó sì wọlẹ̀ lọ, ó lè tó ìṣẹ́jú 45 kó tó tún jáde mí. Ọkọ̀ tó fi wákàtí kan ṣe gbogbo ìrìn rẹ̀ á ti yí padà kó tó jáde.

Ohun tó ga jù ni oṣù tí ẹ máa lọ. Humpback máa ń jẹun ní òkun tútù, á sì lọ bímọ ní òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lágbègbè Hawaii, Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹrin ni ìgbà wọn. Ní ìdajì ayé tó wà ní gúúsù, láàárín Oṣù Keje sí Oṣù Kẹwàá ni wọ́n pọ̀ jù ní omi ilẹ̀ olóoru. Ẹni tó bá lọ ní oṣù tí wọn ò sí, kò sí owó tó lè san tí á mú wọn wá.

Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Ẹ̀gbọ́n Etí Òkun, òótọ́ lẹ sọ nípa afẹ́fẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà igbó díẹ̀. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ló dùn jù nínú igbó. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹyẹ ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ọ̀bọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi tí wọ́n sùn lọ wá oúnjẹ. Tó bá fi máa di ọ̀sán gangan, ooru á ti mú, gbogbo wọn á ti wọ ibòji lọ sinmi. Ẹni tó bá wọgbó láago méjìlá ọ̀sán, ewé ló máa wò.

Àmọ́ ohun tó ń gba ètò yín là ni pé igbó tún máa ń jí ní ìrọ̀lẹ́. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin, àwọn ọ̀bọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n máa sùn. Òkun ò ní irú àǹfààní kejì bẹ́ẹ̀. Torí náà mo fara mọ́ ọn: òkun láàárọ̀, igbó nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀sán sinmi. Tó bá jẹ́ pé inú ọ̀sà tí òkè yí ká lẹ ti fẹ́ wọkọ̀, tí afẹ́fẹ́ ò lè dé ibẹ̀ púpọ̀, ẹ lè yí i padà.

Ẹ tún béèrè ìgbà tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, láti kíkún dé fífà tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀, lọ́jọ́ kejì á sì tún fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ìyẹn ni pé aago tí ọ̀rẹ́ yín lò lọ́sẹ̀ tó kọjá kò bá tiyín mu mọ́. Tí ọ̀nà omi tí ẹ máa gbà bá kọjá láàárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ta sínú omi iyọ̀, òkun gbọ́dọ̀ kún kí ọkọ̀ tó lè wọ ibẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ akàn, ìṣáwùrú àti àwọn nǹkan kéékèèké inú kòtò àpáta lẹ fẹ́ fi han àwọn ọmọ, ìgbà tí òkun bá fà lọ tán ni. Ẹ débẹ̀ bíi wákàtí kan ṣáájú kó tó fà tán, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀ kó tó máa bọ̀, torí òkun tó ń padà bọ̀ lè yí èèyàn ká láìfura.

Arìnrìn-àjò

Ẹ ṣeun gan-an. Màmá mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, èébì ni mò ń bẹ̀rù fún un. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ létíkun?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ má fi Màmá sílẹ̀. Èébì ojú omi ṣeé ṣọ́. Oògùn rẹ̀ wà, àmọ́ kó tó wọkọ̀ ni èèyàn ń lò ó, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí inú bá ń ru kó tó gbé e mì, ó ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn yìí máa ń kun èèyàn lóorun, òmíràn ò sì bá ẹni tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma mu, torí náà kí Màmá kọ́kọ́ bi dókítà wọn, pàápàá tí wọ́n bá ń lo oògùn mìíràn lọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ lóòfo inú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ohun tó wúwo tàbí olóròóró. Àárín ọkọ̀, kó sún mọ́ ẹ̀yìn díẹ̀, ni kí wọ́n jókòó sí, ibẹ̀ ni kì í fò sókè púpọ̀. Kí wọ́n tẹjú mọ́ ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé. Fóònù àti ìwé kíkà ló ń yára dá inú rú jù lọ.

Jákẹ́ẹ̀tì ìlefòó, ara ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ ìjókòó ni wọ́n ń kó o sí. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá ìwọ̀n ọmọdé wà, torí ti àgbà á yọ́ gba orí ọmọ jáde nínú omi. Mo ń tẹnu mọ́ èyí. Tí ìwọ̀n wọn ò bá sí, kí àwọn ọmọ má wọkọ̀ yẹn.

Ohun kejì tí àwọn èèyàn kì í rò: tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ fi àgbá afẹ́fẹ́ mòòkùn lọ wo ẹja, tí igbó yín sì wà lórí òkè gíga, ìlànà yí padà. Gáàsì máa ń kù nínú ara lẹ́yìn ìmòòkùn, tí èèyàn bá sì gòkè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ó lè máa hó bí ìfófòó nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé. Fún bàlúù, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn amòòkùn ni pé kí wọ́n dúró ó kéré tán wákàtí 12 lẹ́yìn ìmòòkùn kan, wákàtí 18 tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òkè gíga náà ní tirẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, igbó ni kó ṣáájú. Ẹni tó kàn ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi pẹ̀lú awò àti ọ̀pá ìmí ò ní ìṣòro yìí.

Ọdẹ Ayàwòrán

Kámẹ́rà ni mo fi ń dẹ igbó, kì í ṣe ìbọn, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti igbó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rìn jù. Ẹ rìn díẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi tí igi tó ń so wà, tàbí etí odò kékeré, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ dé, igbó á dákẹ́, torí ẹsẹ̀ yín ti ta wọ́n lólobó. Lẹ́yìn náà, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹyẹ kan á dáhùn. Etí lẹ máa fi mọ̀ pé ọ̀bọ ti dé kí ojú tó rí i: èèpo èso á máa já bọ́ lu ewé gbígbẹ, tó, tó. Ẹ má wo òkè igi lápapọ̀. Ẹ wá ẹ̀ka kan ṣoṣo tó ń mì nígbà tí àwọn tó kù dúró jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ máa rí ìrù tó rọ̀ wálẹ̀. Ọ̀kan lè máa wo yín láti ẹ̀yìn ewé, tí á kàn máa yọ ojú kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó wò yín tán. Tí ẹ ò bá mira, á padà sídìí oúnjẹ rẹ̀, àwọn tó kù á sì tẹ̀ lé e jáde.

Ẹ má wo ọ̀bọ lójú kòrókòró, ẹ má sì yọ eyín sí i. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìjà nìyẹn. Ẹ má fún un ní oúnjẹ láéláé. Ọ̀bọ tí èèyàn bá ti fún lóúnjẹ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń já àpò gbà, lẹ́yìn náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń géni jẹ, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé wọ́n á pa á.

Fún ìnàkí àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìlànà tún le sí i, torí ọ̀fìnkìn lásán tí wọ́n bá kó lára wa lè pa wọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa dúró lókèèrè, ó kéré tán mítà 7, mítà 10 ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò báyìí, pẹ̀lú ìbòmú. Ní Rwanda àti Uganda, èèyàn mẹ́jọ péré ló ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìnàkí kan lóòjọ́, wákàtí kan ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kì í sì í bá wọn lọ. Irú ìyẹn ò ṣeé há mọ́ ẹ̀yìn ìrìn òkun. Ọjọ́ tirẹ̀ gedegbe ló ń fẹ́.

Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti erùpẹ̀ ló dáa. Níbi tí eṣinṣin tsetse tó ń buni jẹ bá wà, ẹ yẹra fún aṣọ búlúù àti dúdú, àwọ̀ méjèèjì ló ń fà wọ́n mọ́ra. Ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eṣúṣú àti eégbọn. Kẹ́ ẹ sì fọ ìsàlẹ̀ bàtà yín kẹ́ ẹ tó wọlé àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde: ní New Zealand, ibi ìfọbàtà wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn igbó igi kauri, torí àrùn tó ń pa igi náà ń bá erùpẹ̀ abẹ́ bàtà rìn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Mo fi kún ti ọ̀bọ: tó bá géni jẹ tàbí tó ha èèyàn lára, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an nítorí àrùn dìgbòlugi. Ẹ má dúró wo bó ṣe máa rí.

Bàbá Ìbejì

Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìbéèrè tí mo máa fi ṣáájú ni: "Kí lẹ máa ń ṣe tí ẹranko bá yí ẹ̀yìn sí yín?" Ẹni tó bá ní àwọn á lé e títí ẹ fi máa rí fọ́tò yà, ẹ dágbére fún un. Ẹni tó bá ní àwọn á fi í sílẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ síwájú. Ẹ béèrè iye èèyàn tó ń wà nínú ọkọ̀, bóyá rédíò wà nínú ọkọ̀ náà, ta ló ń pinnu pé òkun ò dáa lónìí, àti bóyá wọ́n máa dá owó padà tàbí kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ máa rí àbùùbùtán dandan, ẹ bi í ní bó ṣe ń ṣe é. Ibòmíràn, oúnjẹ ni wọ́n ń dà sómi láti fa ẹranko wá, ìyẹn ò dáa fún ẹranko rárá.

Fún àwọn ọmọ, ẹ wá awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn tiwọn, kódà kó jẹ́ kékeré. Ọmọ tó ní nǹkan lọ́wọ́ á pẹ́ kó tó sú u. Fún ẹ̀yin àgbà, 8x42 dára nínú igbó: 8 ni ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan sún mọ́ni, 42 ni ìwọ̀n ojú rẹ̀ ní mìlímítà, ojú tó fẹ̀ sì ń gba ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ igi. Lórí omi, 7x50 ni ọ̀pọ̀ atukọ̀ ń lò, torí bí ìlọ́po bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ń gbọ̀n tó.

Etí Òkun

Bàbá Ìbejì, ẹ kú làákàyè. Nípa lílé ẹranko, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí i kí Arìnrìn-àjò lè fi dá atukọ̀ wò. Ní Australia, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àbùùbùtán ju mítà 100 lọ, mítà 50 ni ti dọ́lífíìnì, tí ìyá àbùùbùtán bá kó ọmọ dání, mítà 300. Ibòmíràn ní òfin tirẹ̀, ẹ béèrè ti ibi tí ẹ ń lọ. Atukọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n lórí kì í ṣe ẹni tí ẹ máa bá lọ.

Ọ̀rọ̀ kí èèyàn bọ́ sómi lọ bá dọ́lífíìnì lúwẹ̀ẹ́, mi ò gbà á níyànjú. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní spinner, òru ló ń ṣọdẹ, ọ̀sán ló ń wọ inú ọ̀sà wá sinmi. Ojú omi la rò pé ó ti ń ṣeré pẹ̀lú wa, oorun rẹ̀ la ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 2021 pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn ju bíi mítà 45 lọ létíkun Hawaii.

Ti ìpara oòrùn, èyí tí a fi ń pa ara kí oòrùn má baà jó o, náà ṣe pàtàkì. Palau, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, fòfin de àwọn tó léwu fún iyùn òkun ní 2020, nígbà tó di 2021 Hawaii náà fòfin de títà àwọn tó ní kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate. Ẹ̀wù alápá gígùn àti fìlà eléteetí ló rọrùn jù, wọn ò ní ṣàn sómi.

Ọmọ Adé

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a ò lè fi ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin sí i lálẹ́ ọjọ́ náà?

Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Àbúrò, ẹ jẹ́ kó ní alẹ́ tirẹ̀. Ìyá ìjàpá lè gòkè wá ní òru jíjìn, iná funfun tàbí ariwo lásán sì lè mú un yí padà sínú òkun láìyé. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń forí lé, torí náà iná fóònù kan lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ó gba sùúrù, ó gba òkùnkùn, ó gba kẹ́ ẹ tẹ̀ lé amọ̀nà tó ń lo iná pupa. Èèyàn tó ti jí láago márùn-ún àárọ̀, tó sì ti fi oòrùn òkun gbẹ, ò ní sùúrù yẹn mọ́.

Arìnrìn-àjò

Ẹ wo bí mo ṣe tò ó báyìí. Ká dé etíkun láago mẹ́fà ààbọ̀, ká wà lórí omi fún wákàtí mẹ́ta. Ká jẹun ká sinmi létíkun títí di aago mẹ́ta. Ká wọ mọ́tò lọ sígbó, ká bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láago mẹ́rin, ká jáde nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Èèyàn méjì tó ń mú àlejò rìn ti dáhùn ìbéèrè Bàbá Ìbejì. Ọ̀kan ní àwọn á lé ẹranko náà "díẹ̀." Èkejì ni mo mú.

Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Ó dáa, àmọ́ ẹ yí nǹkan méjì. Ẹ̀gbẹ́ igbó ni kẹ́ ẹ ti sinmi, kì í ṣe etíkun, kí mọ́tò má baà jẹ wákàtí ìrọ̀lẹ́ yín. Tí táyà bá jò lójú ọ̀nà láago mẹ́ta, igbó ti bọ́ nìyẹn. Ẹ má sì dúró kí ilẹ̀ ṣú kẹ́ ẹ tó yí padà. Lábẹ́ igi ńlá, òkùnkùn máa ń ṣáájú ti ìta, ní ilẹ̀ olóoru ìrọ̀lẹ́ kì í sì í pẹ́ rárá. Ẹ bi amọ̀nà ní aago tí oòrùn ń wọ̀, kẹ́ ẹ kọjú sọ́nà àbájáde wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, kí tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà kúkúrú tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ mú nítorí Màmá.

Etí Òkun

Ẹ sì bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn pé kó pè yín ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá ní afẹ́fẹ́ á le, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àárọ̀ fún igbó, kẹ́ ẹ wá fi ìgbà tí òkun bá fà lọ wo àwọn ẹyẹ tó ń jẹun lórí ẹrẹ̀ létí ọ̀sà. Ẹsẹ̀ yín á wà lórí ilẹ̀, awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn á sì ṣe ìyókù.